Ojú Ìwé Tó Funfun Báláú

Mulgol, Kòríà,
Ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún, 2024.

Sae-rom ọmọ mi,

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èyí, o sì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ṣé ara le? Ṣé òtútù Toronto ti dẹ̀ díẹ̀? Aáyù là ń fà tu níbí, gbogbo abúlé ló ń rùn, ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe mí. Má wulẹ̀ pè mí lórí fóònù, mi ò ní gbé e. Láti ọjọ́ tí àwọn olè yẹn ti fi ohùn rẹ pè mí, tí wọ́n ń sunkún lóhùn rẹ pé o ti fi mọ́tò gbá èèyàn, tí mo sì kówó fún wọn bí ọ̀dẹ̀, mo ti búra pé mi ò ní gba etí mi gbọ́ mọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi pín lẹ́tà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìwé nìkan ni mo mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Pyo, olórí abúlé wa, dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fẹ́ la títì gba òkè wa kọjá o. Ẹ lọ wo ìkànnì ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ti to gbogbo sàréè tó wà lójú ọ̀nà síbẹ̀. Èyí tí ẹbí ò bá forúkọ sílẹ̀ fún kí oṣù Keje tó parí, wọ́n á ní kò lẹ́ni, wọ́n á hú u." Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́ tán. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? O mọ̀ pé mi ò fọkàn tán Pyo. Ta ló mọ̀ bóyá irọ́ ni, kí á lè fọwọ́ ara wa hú òkú wa, kí òun lè rí ilẹ̀ fi gbin ọsàn?

Mo délé, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo lọ síbẹ̀. Funfun báláú! Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Mo mọ ìdí ẹ̀. Ọlọ́pàá tó kọ ẹjọ́ mi sílẹ̀ lọ́jọ́sí sọ pé, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ohun tí ẹ ò mọ̀ máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yín." Mo wádìí, mo gbọ́ pé nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní JavaScript, tí àwọn ìkànnì fi ń rán iṣẹ́ wọnú ẹ̀rọ onílé láìgbàṣẹ. Mo pa á. Ìròyìn ojú ọjọ́ ṣì ń ṣí fún mi. Iye tí wọ́n ń ta aáyù ṣì ń ṣí. Ti ìjọba nìkan ni kò ṣí. Kí ló wà níbẹ̀ tí wọn ò fẹ́ kí n kà láìjẹ́ pé àwọn kọ́kọ́ wọlé mi? Ìwọ lo ń ṣe iṣẹ́ yìí, sọ fún mi. Ìkéde lásán, ọ̀rọ̀ téèyàn fẹ́ kà, kí ló fẹ́ fi irú ẹ̀ ṣe? Nígbà tí wọ́n ń lẹ ìkéde mọ́ ògiri ọ́fíìsì wa, ṣé ògiri máa ń gba kọ́kọ́rọ́ ilé mi kí n tó kà á?

Ìyá rẹ wà lórí òkè yẹn. Ọdún kẹsàn-án rèé. Orúnkún mi kì í jẹ́ kí n gòkè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní ọjọ́ Hansik nígbà ìrúwé, àti nígbà tí a bá ń gé koríko sàréè ṣáájú Chuseok, ọdún ìkórè. Wò ó fún mi bóyá wọ́n fẹ́ dà á láàmú.

Bàbá rẹ.

*

Toronto,
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ aáyù, ẹ sì pẹ̀lẹ́ ẹ̀yìn. Ara mi le. Iṣẹ́ pọ̀ gan-an ni, ìdí nìyí tí mo fi fi ẹ̀rọ tẹ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Bàbá, ẹ tan JavaScript padà. Kì í ṣe olè. Òun ló ń jẹ́ kí àwòrán ilẹ̀ fẹ̀ téèyàn bá fọwọ́ kàn án, òun ló ń jẹ́ kí fọ́ọ̀mù mọ̀ pé ẹ ti ṣi nọ́ńbà kọ. Gbogbo ayé ló ń lò ó. Nínú ẹgbẹ̀rún èèyàn, bóyá ló fi máa ju ẹnì kan lọ tó pa á. Ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe ń le tó, ta ni yóò máa kọ́ ilé lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹnì kan ṣoṣo? Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa máa ń jà pé kí ojú ìwé ṣí fún gbogbo èèyàn, ìbáà tàn, ìbáà kú. Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Àwọn tí kò ní ọ̀gá lórí ló ń sọ ọ́.

Ẹ lọ síbi ètò, ẹ tẹ̀ "ààbò", ẹ tẹ̀ "gbà láàyè". Ìṣẹ́jú kan ni. Tí kò bá yé yín, ẹ pe Pyo kó bá yín ṣe é. Mo bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun mú ìwé kan wá fún yín, ẹ sì fi ìgbálẹ̀ lé òun. Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bínú sí ìbéèrè yìí: ṣé ẹ kì í gbàgbé nǹkan lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí? Ṣé ẹ máa ń rántí jẹun?

Ọmọ yín,
Sae-rom.

*

Mulgol,
Ogúnjọ́ oṣù Kẹfà, 2024.

Sí ẹni tó kọ lẹ́tà ọjọ́ karùn-ún,

Mi ò tíì mọ̀ bóyá ọmọ mi ni ọ́, nítorí náà mi ò ní kí ọ púpọ̀.

Ẹ̀rọ lo fi tẹ lẹ́tà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó lè jí ohùn ọmọ mi, ṣé lẹ́tà ló máa ṣòro fún un? Àní ohun àkọ́kọ́ tó o ní kí n ṣe ni pé kí n ṣílẹ̀kùn. Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn olè yẹn náà ní kí n ṣe nìyẹn: "Bàbá, ẹ lọ síbi ètò, ẹ tẹ̀ 'gbà láàyè'." Ọ̀rọ̀ kan náà gan-an! O tún ń bá Pyo sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. O tún fẹ́ mọ̀ bóyá orí mi ṣì pé. Orí mi pé ju ti ọ̀pọ̀ ẹni tó ń béèrè lọ.

Ìwé tí Pyo mú wá, ó ní kí n buwọ́ lù ú. Mi ò buwọ́ lu nǹkan kan mọ́ láyé yìí. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ kò gbójú sókè. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ wà lórí ìkànnì, Bàbá." Mo ní funfun ló wà lórí ìkànnì. Ó ní kí n lọ pe ọmọ mi.

Mo padà sórí ojú ìwé yẹn. Mo fà á wálẹ̀ títí, ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ mi bó. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mo rí ìlà kan tó rí wíńníwínní, àwọ̀ eérú. Mo dà á kọ síbí bó ṣe wà: "Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ra ẹ̀ kì í rí àlejò. Lọ tan JavaScript kó o tó padà wá." Wọ́n ń sọ "o" fún mi! Èmi ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin! Ọmọ ta lẹni tó kọ ìyẹn? Ilé wo ni wọ́n ti tọ́ ọ?

Tó bá jẹ́ ìwọ ni Sae-rom lóòótọ́, dáhùn èyí: ọdún tó o wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ta ló fọ́ ìkòkò ọbẹ̀ sóyà ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé? Títí n ó fi rí ìdáhùn, mi ò ní tan nǹkan kan.

Guk Jong-hwan.

*

Toronto,
Ọjọ́ kẹfà oṣù Keje, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ wo ọwọ́ mi. Bó ṣe rí jákujàku yìí, ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin lẹ fọ́ ìkòkò náà. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ kọlù ú, ẹ wá sọ fún Màmá pé ewúrẹ́ ará ilé kejì ni. Màmá mọ̀. Wọ́n rí sóyà lára ṣòkòtò yín nígbà tí wọ́n ń fọ aṣọ. Wọ́n ní, "Fi bàbá rẹ sílẹ̀, ó ti rò pé òun gbọ́n." Wọ́n ní kí n má sọ fún yín láé. Mo ti wá sọ ọ́ báyìí.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Mo ti ṣí ojú ìwé náà níbí. Òótọ́ ni Pyo sọ. Sàréè mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀. Ìkejìlá ni ti Màmá. Wọn ò kọ orúkọ, "obìnrin, ìdí igi páìnì méjì" ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n wọ́n ya fọ́tò òkúta tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín yàn. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí ni òpin. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á hú wọn, wọ́n á sun egungun wọn, wọ́n á kó wọn sí ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí kò lẹ́ni sí, pẹ̀lú nọ́ńbà lásán.

Mo pe ọ́fíìsì náà. Wọ́n ní orí ìkànnì ni. Mo kọ fọ́ọ̀mù, ó ní kí n fi nọ́ńbà fóònù Kòríà tó wà lórúkọ mi jẹ́rìí ara mi. Mo ti fagi lé nọ́ńbà yẹn láti ọdún tí mo ti kúrò nílé. Ẹ̀yin nìkan ló kù. Ẹ gbé káàdì ìdánimọ̀ yín, ẹ lọ síbẹ̀, ẹ má kúrò níwájú ọmọbìnrin yẹn títí yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti ìlà tẹ́ ẹ dà kọ, àwọn ọmọdé ibi iṣẹ́ ló máa ń kọ irú ẹ̀. Ẹ má ṣe fi sọ́kàn.

Ọ̀nà tó yá jù ni mo fi fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́.

Sae-rom.

*

Toronto,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Keje, 2024.

Bàbá,

Lẹ́tà mi padà wá bá mi lónìí. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn lára pé, "Ẹni tó ni í kọ̀ ọ́." Ẹ kọ̀ ọ́ nítorí pé wọ́n ní kí ẹ buwọ́ lùwé! Mo fi í sínú àpòòwé yìí pẹ̀lú sítáǹbù lásán. Kò ní débẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Mo mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pín lẹ́tà fún ọgbọ̀n ọdún. Mo ti pe yín nígbà ogójì. Mo ti pe Pyo, mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ bá yín. Ó ní, "Sae-rom, bàbá ẹ ti fi irin dábùú ẹnu ọ̀nà."

Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Mo ń sunkún, èmi gidi ni mò ń sunkún lọ́tẹ̀ yìí.

Sae-rom.

*

Mulgol,
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹjọ, 2024.

Sae-rom,

Lẹ́tà méjèèjì dé lánàá pọ̀. Ìwọ ni. Ìyá rẹ mọ̀ nípa ìkòkò yẹn fún gbogbo ọdún yẹn? Ó dáa.

Mi ò parí kíkà tí mo fi mú dòjé. Koríko oṣù Kẹjọ á ti ga, èèyàn kì í sì í lọ bá aya ẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Mo gòkè. Orúnkún mi ń ké, mi ò dá a lóhùn. Mo dé ìdí igi páìnì méjì. Ilẹ̀ pupa ni mo bá. Ihò. Òkúta náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmì ọ̀dà funfun wà lára rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú dòjé lọ́wọ́, mi ò rí koríko kankan tí màá gé.

Àmọ́ gbọ́ mi dáadáa. Ipa táyà wà níbẹ̀, mo sì mọ táyà yẹn. Ti ọkọ̀ Pyo ni. Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ọmọbìnrin yẹn ní sàréè kejìlá kò sí lára àwọn tí kò lẹ́ni, ẹnì kan ti gbà á. Mo ní ta ni. Ó ní òfin kò jẹ́ kí òun sọ. Mo ní èmi ni ọkọ ẹ̀! Ó ní kí n fi hàn lórí ìkànnì. Pyo ti jí ìyá rẹ gbé. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ṣé nítorí owó ìtúnsìn tí iléeṣẹ́ títì ń san ni? Lọ́la ni mò ń lọ bá ọlọ́pàá. Ìwọ náà, o ní o pe Pyo. Kí lẹ jọ sọ? Má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

Bàbá rẹ.

*

Toronto,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ, 2024.

Bàbá mi,

Tẹ́ ẹ bá ti lọ bá ọlọ́pàá, ẹ padà lọ, ẹ fa ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ wọn. Pyo kò jalè. Mo bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ọjọ́ pé, ó lọ forúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀ fún Màmá. Ilé ẹ̀ ni Màmá wà. Ó ní òun máa ń wá sẹ́nu ọ̀nà yín lójoojúmọ́ láti sọ fún yín, ẹ kì í dáhùn, òun ò sì fẹ́ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí ìwé kí òun kàn tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn.

Ẹ ní kí n má fi nǹkan kan pamọ́. Mo fi ọ̀kan pamọ́.

Ẹ béèrè pé ọmọ ta ló kọ ìlà yẹn. Ọmọ yín ni, Bàbá. Èmi ni mo kọ ọ́. Kí n tó wá síbí, nígbà tí mo wà ní Seoul, iléeṣẹ́ wa ló ṣe ojú ìwé ìkéde fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀, èmi ni wọ́n fi sídìí ẹ̀. A ti ń jẹ ìndómì níbi iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, oorun ń kùn wá. Ẹnì kan ní ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ti JavaScript pa. Mo tẹ ìlà yẹn, gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. A rò pé kò sẹ́ni tó máa rí i láéláé. Bí mo ṣe rí i nínú lẹ́tà yín lóṣù Keje, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ni mo wá kọ ọ́ sí yín pé àwọn ọmọdé ibi iṣẹ́ ni. Irọ́ ni mo pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. Ọ̀gá mi bi mí nígbà yẹn pé ṣé kí á ṣe é kí orúkọ àti ọ̀rọ̀ ṣí fún gbogbo èèyàn, kí JavaScript kàn wà fún àwòrán ilẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni ì bá gbà mí. Ọjọ́ kan! Mo ní kò pọn dandan. Ẹ bi mí lóṣù Karùn-ún pé kí ni ìkéde lásán fẹ́ fi irú ẹ̀ ṣe. Kò fi ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ jàre. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mò ń kọ ìdáhùn mi sí yín.

Ẹ bú mi. Ẹ má ṣe dákẹ́.

Sae-rom.

*

Mulgol,
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Sae-rom,

Lánàá ni Chuseok. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò lọ bá ọlọ́pàá. Orúnkún mi wú láti ọjọ́ òkè yẹn, ó gba ọlọ́pàá lọ́wọ́ mi.

Láàárọ̀ àná mo wọ aṣọ mi tó dáa, mo mú èso pía méjì, mo lọ sílé Pyo. Ìyàwó ẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó rí mi, ó sá wọlé. Pyo jáde. Mo ní, "Wọ́n ní ìyàwó mi ń gbé lọ́dọ̀ rẹ."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé. Yàrá tó mọ́lẹ̀ jù ni wọ́n wà."

Àpótí kan ni, wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Wọ́n tẹ́ tábìlì síwájú ẹ̀, ìrẹsì tuntun, ẹja, àkàrà ìrẹsì, bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ fún òkú ilé ẹni. O mọ̀ pé èèyàn kì í gbé egungun ẹlòmíì wọlé. Ìyàwó ẹ̀ kò sùn sí apá ibẹ̀ láti oṣù Kẹjọ. Mo bi Pyo kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún mi lójú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbálẹ̀ mélòó lẹ fẹ́ kí n jẹ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn náà ni. Mo wá rí i pé ojú ló ń ti ọkùnrin náà, ojú máa ń tì í ni, òun ló fi ń rẹ́rìn-ín. Ogún ọdún ni mo fi ń pè é ní alárèékérekè.

Ó ní akọ̀wé bi òun pé, "Kí lẹ jẹ́ sí olóògbé?" Kò sí àyè fún aládùúgbò lórí fọ́ọ̀mù. Ó ní, "Àbúrò wọn ni mí." Akọ̀wé ní orúkọ ìdílé wọn kò papọ̀. Ó ní, "Lọ́dọ̀ ìyá ni." Ó sì buwọ́ lù ú kí akọ̀wé tó béèrè nǹkan mìíràn.

Sàréè mọ́kànlá ni kò rí ẹni gbà wọ́n lórí òkè yẹn. Pyo ti kiri ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ pé wọ́n ni wọ́n. Ìdílé mẹ́jọ nínú wọn ṣí ojú ìwé náà, wọ́n bá funfun, wọ́n rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀, wọ́n pa á dé. Kò sẹ́ni tó ti nǹkan kan pa nínú wọn. Fóònù àtijọ́ ni wọ́n ń lò. Wọn ò ṣe oríkunkun bíi tèmi, wọn ò fura sí ẹnikẹ́ni. Òkú wọn ti di nọ́ńbà.

Ní ti ìwé, Pyo ló ni ìyá rẹ. Kí n tó gbà á padà, mo gbọ́dọ̀ tún kọ fọ́ọ̀mù lórí ìkànnì yẹn kan náà. Pyo ní òun á bá mi ṣe é. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó o bá pàdé ẹ̀, kí o máa kí i bí àbúrò ìyá rẹ.

Inú ń bí mi sí ọ o, má tan ara rẹ jẹ. Kì í ṣe ìlà yẹn ló ń bí mi, ọmọdé a máa ṣe ọmọdé. Ohun tó ń bí mi ni pé wọ́n bi ọ́, o ní kò pọn dandan. Ìyẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Bẹ́ẹ̀ èmi náà, wọ́n gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìyá rẹ wá bá mi dé ẹnu ọ̀nà, ìgbálẹ̀ ni mo fi dáhùn. Tí mo bá fẹ́ bú ọ, ẹnu mi ń wúwo.

Pyo ní kí á sin ín lọ́jọ́ Sátidé sí ẹ̀gbẹ́ oko aáyù, níbi tí ẹsẹ̀ mi ti lè débẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ní ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe Sátidé. Kò ní wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láìsí ọmọ ẹ̀ níbẹ̀. Lọ gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ. Tó o bá dé, màá kọ́kọ́ bá ọ wí tẹ́rùn, lójú Pyo, mi ò ní bò ọ́ láṣìírí. Lẹ́yìn ìyẹn, wàá gbé apá kan àpótí náà, èmi á gbé apá kejì.

Bàbá rẹ.